Àṣà Iṣẹ́ Nínú Fídíò Orin: Ìwádìí Tí Ó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Kí Ó Tó Gbé Kámẹ́rà

Láyé àtijọ́, òṣèré Yorùbá kì í dédé bẹ̀rẹ̀ eré láìjúbà. Ì báà ṣe eégún aláré, ì báà ṣe oníjàálá, ìbà ni yóò kọ́kọ́ jú: yóò júbà àwọn àgbà, yóò júbà ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, kí ó tó wọ inú eré gan-an. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ekòló tí ó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Nígbà tí eré orí ìtàgé wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ lọ́wọ́ Hubert Ogunde láti ọdún 1944, orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí eré, orin ìparí ni wọ́n sì fi ń pa á dé. Àwọn tí ó sanwó wọlé kò béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ̀ pé bí a ti ń ṣe é nìyẹn, òṣèré náà sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Irú ohun bẹ́ẹ̀, tí ó dà bí àdéhùn tí a kò kọ sílẹ̀ láàárín òṣèré àti òǹwòran, ni a ó máa pè ní àṣà iṣẹ́ nínú àròkọ yìí.

Fídíò orin pẹ̀lú ní àṣà iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ni eré àwòrán kúkúrú tí a ṣe láti bá orin kan rìn, tí ó sì sábà máa ń gùn tó orin náà gan-an, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí, ó ti di ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi dán ọgbọ́n wọn wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà lára iṣẹ́ tí àwọn tí ń ṣe ìdánwò A-level nínú ẹ̀kọ́ Media Studies ti ń ṣe, a sì máa ń béèrè pé kí wọ́n kọ ìwádìí wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán kankan. Ìdí tí a fi ń béèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọ̀dọ́ tí ó ti wo ẹgbẹ̀rún fídíò rò pé òun ti mọ bí a ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n wíwò yàtọ̀ sí mímọ̀, gẹ́gẹ́ bí jíjẹ ọbẹ̀ ti yàtọ̀ sí sísè é. Ẹni tí ó bá mọ àṣà láìmọ ìdí rẹ̀, àwòkọ lásán ni yóò ṣe. Ẹni tí ó bá mọ ìdí rẹ̀ ni ó lè pa á mọ́ níbi tí ó yẹ, tí ó sì lè yí i padà níbi tí ó yẹ.

Ibi tí àwọn àṣà náà ti ṣẹ̀ wá

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí àṣà, ó yẹ kí a mọ ìtàn rẹ̀ díẹ̀. Fídíò orin kò bẹ̀rẹ̀ láti àná. Láàárín ọdún 1940 sí ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ kan wà ní àwọn ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Panoram. Bí ènìyàn bá sọ owó wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, yóò rí fíìmù kúkúrú tí ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, níbi tí olórin kan ti ń kọrin tí àwọn oníjó sì ń jó. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé àwọn ènìyàn fẹ́ rí ẹni tí ń kọrin tí wọ́n ń gbọ́.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wá gbilẹ̀, ìdí mìíràn tún wọlé. Olórin kan ṣoṣo kò lè wà ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mẹ́wàá lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n fíìmù rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ Beatles fi ṣe fíìmù fún orin wọn «Strawberry Fields Forever» àti «Penny Lane» ní ọdún 1967. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1975, ẹgbẹ́ Queen ṣe ti «Bohemian Rhapsody» láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, Bruce Gowers ni ó sì darí rẹ̀. Orin náà lọ́jú pọ̀ débi pé wọn kì bá tí lè fi ẹnu tẹ̀ lé e dáadáa lójú àwọn ènìyàn. Fíìmù náà ni wọ́n sì rán lọ dípò ara wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, ilé iṣẹ́ MTV bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fídíò orin ni ó sì ń fi hàn láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀. Ní ọdún 1983, Michael Jackson àti olùdarí John Landis gbé «Thriller» jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ó sì ní ìtàn nínú bí fíìmù gidi. Ní ọdún 2005 ni YouTube dé, tí fídíò orin sì bọ́ sínú fóònù tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ẹ̀kọ́ kan ni ó wà nínú ìtàn yìí fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, fídíò jẹ́ aṣojú olórin, ó sì jẹ́ olùpolówó ọjà rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àṣà tí a ó máa rí ni ó ti inú iṣẹ́ méjèèjì yìí wá.

Àwọn àṣà tí ó gbajúmọ̀ jù

Ọ̀mọ̀wé Andrew Goodwin kọ ìwé kan ní ọdún 1992 tí ó pè ní «Dancing in the Distraction Factory». Láti inú ìwé náà ni àwọn olùkọ́ ti yọ ohun mẹ́fà tí wọ́n máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá nínú fídíò orin. Kò pọn dandan kí gbogbo wọn pé sínú fídíò kan, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí èyí tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn.

Èkíní ni àṣà tí ó jẹ́ ti irú orin kọ̀ọ̀kan. Olórin rock a máa dúró pẹ̀lú gìtá àti ìlù rẹ̀ bí ẹni tí ó wà lójú agbo, kí òǹwòran lè gbà pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń lù ú. Olórin rap a máa fi àdúgbò rẹ̀ hàn, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà. Nínú orin jùjú àti fújì, òde ìnáwó ni a sábà máa ń rí: aṣọ ẹbí, àga, tábìlì, àti àwọn gbajúmọ̀ tí a ń kì. Ibi tí a ti yàwòrán pẹ̀lú a máa sọ̀rọ̀. Fídíò «Ojuelegba» ti Wizkid, tí Clarence Peters darí ní ọdún 2015, lọ sí òpópónà Ojúẹlẹ́gba ní Èkó, nítorí pé orin náà ń sọ nípa ibi tí olórin ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gbé orin kan náà lọ sí etí òkun ilẹ̀ òkèèrè, irọ́ ni àwòrán yóò máa pa mọ́ orin.

Èkejì ni ìbátan ọ̀rọ̀ orin àti àwòrán, ọ̀nà mẹ́ta ni Goodwin sì pín in sí. Àwòrán lè fi ohun tí orin sọ hàn gan-an: orin dárúkọ òjò, a rí òjò. Àwòrán lè fi kún ohun tí orin sọ: orin dárúkọ òjò, a rí ìyá tí ń sá aṣọ tí kò ní gbẹ láé. Ó sì lè yà kúrò lọ́dọ̀ orin pátápátá, tí a ó fi máa bi ara wa léèrè ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Ọ̀nà kìíní ni ó rọrùn jù, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń lò jù. Ṣùgbọ́n bí a bá lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òǹwòran yóò ti mọ àwòrán tí ń bọ̀ kí ó tó dé, oorun yóò sì máa kùn ún. Ọ̀nà kejì ni ó ń bí iṣẹ́ tí a máa ń rántí. Ọ̀nà kẹta ń fẹ́ ọwọ́ tí ó ti mọ iṣẹ́, nítorí bí kò bá sí ohun tí ó so àwòrán mọ́ orin rárá, a kò lè pè é ní ọgbọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ìbátan ìlù àti àwòrán. Abala ni a ó máa pe àwòrán tí kámẹ́rà yà láìdánudúró, láti ibi tí a ti gé e dé ibi tí a tún ti gé e. Ó jẹ́ àṣà pé kí a gé abala lórí ìlù, kí àwòrán tuntun sì bá ìlù tí ó wúwo dé. Bí orin bá yára, abala a máa kúrú. Bí orin bá rọra ń lọ, abala a máa gùn. Nígbà tí ègbè bá dé, àwòrán a máa padà sí ohun kan tí a ti rí tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ègbè fúnra rẹ̀ ti ń padà. Síbẹ̀, ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ni yóò ya. Fídíò tí a gé lórí gbogbo ìlù láìsinmi yóò rẹ ojú kí ó tó dé ìdajì. Ẹgbẹ́ OK Go fi èyí hàn ní ọdún 2006 nínú «Here It Goes Again». Àwọn mẹ́rin jó lórí ẹ̀rọ ìsáré mẹ́jọ, kámẹ́rà dúró lójú kan, a kò sì gé àwòrán náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlù tí a kò gé àwòrán lé lórí, ẹsẹ̀ àwọn oníjó ni ó gbé e. Ìnáwó rẹ̀ kéré, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 2007.

Ẹ̀kẹrin ni ojú olórin. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń gbé orin jáde máa ń fẹ́ kí kámẹ́rà sún mọ́ ojú olórin lemọ́lemọ́, kí àwọn ènìyàn lè dá a mọ̀ níbi tí wọ́n bá ti rí i. Èyí jẹ́ ti ọjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọjà nìkan. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú fídíò «Nothing Compares 2 U» ti ọdún 1990, tí John Maybury darí, ojú Sinéad O'Connor ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀, omi ojú rẹ̀ sì sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ilé àti ọkọ̀ kì bá tí lè sọ.

Ẹ̀karùn-ún ni wíwò. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò, kámẹ́rà a máa rìn lára obìnrin bí ẹni tí ń yẹ ọjà wò, orí rẹ̀ kì í sì í sí nínú àwòrán nígbà mìíràn. Laura Mulvey ti ṣàlàyé ní ọdún 1975 bí sinimá ti máa ń fi ojú ọkùnrin wo obìnrin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bá fídíò orin mu púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó bá rí i, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ohun kan wà nínú orin tí ó béèrè fún un. Bí kò bá sí, àṣà tí kò ní ìdí rere ni, kò sì sí ohun tí ó fi ipá mú ẹnikẹ́ni láti máa bá a lọ.

Ẹ̀kẹfà ni ìtọ́ka sí ohun tí òǹwòran ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Fídíò a máa yá àwòrán lọ́wọ́ fíìmù, lọ́wọ́ ìtàn, lọ́wọ́ ẹ̀sìn. Nígbà tí Beyoncé jáde nínú aṣọ pupa rúsúrúsú pẹ̀lú omi tí ń tú jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú «Hold Up» ní ọdún 2016, ọ̀pọ̀ òǹwòran, láti Nàìjíríà dé Brazil àti Cuba, ni ó sọ pé Ọ̀ṣun ni àwọn rí. Nínú iṣẹ́ «Lemonade» kan náà, Láolú Ṣẹ́ńbánjọ, ayàwòrán ọmọ Yorùbá, fi ọ̀nà àwòrán tirẹ̀ kun ara àwọn oníjó. Ìtọ́ka bẹ́ẹ̀ a máa fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ sínú ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó ń tọ́ka sí, ọ̀ṣọ́ lásán ni yóò rí, ìwọ̀sí sì lè wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Bí a ti í ṣe ìwádìí náà

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti yan orin rẹ̀ yóò wá fídíò mẹ́fà tí ó jẹ́ ti irú orin bẹ́ẹ̀, àti méjì tí kò bá a tan rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ó wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Ní ìgbà kìíní, kí ó pa ohùn rẹ̀, kí ó wo àwòrán nìkan; yóò rí ohun tí orin kò jẹ́ kí ó rí tẹ́lẹ̀. Ní ìgbà kejì, kí ó pa ojú dé, kí ó gbọ́ orin nìkan, kí ó sì kọ ibi tí lílé ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ègbè ti gbà á, àti ibi tí ìlù ti dá dúró. Ní ìgbà kẹta, kí ó wo méjèèjì papọ̀, kí ó sì máa dá a dúró lẹ́yìn abala kọ̀ọ̀kan.

Lórí ìwé rẹ̀, kí ó fa ìlà márùn-ún: àkókò, ohun tí a gbọ́, ohun tí a rí, bí kámẹ́rà ti sún mọ́ ọn tó, àti ìdí rẹ̀. Mẹ́rin àkọ́kọ́ kò nílò ju sùúrù lọ. Ìlà karùn-ún ni ó nílò ọpọlọ, òun sì ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi sílẹ̀ lófìfo. Bí ó bá kọ pé «kámẹ́rà sún mọ́ ojú olórin», iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kọ pé «kámẹ́rà sún mọ́ ojú olórin níbi tí ó ti pe orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì ti jìnnà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di ibẹ̀», ó ti rí nǹkan. Kí ó tún ka iye abala, kí ó fi pín iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó wà nínú orin, yóò sì mọ bí abala kọ̀ọ̀kan ti gùn tó ní ìdáméjì-dọ́gba. Nígbà tí ó bá fi ti àwọn mẹ́fà wéra, yóò mọ èyí tí ó jẹ́ àṣà àti èyí tí ó jẹ́ ìfẹ́ inú olùdarí kan ṣoṣo.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó fi hàn bí ìdí ti ṣe pàtàkì ju ìrísí lọ. A ti sọ pé ojú olórin gbọ́dọ̀ hàn kí a lè dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n olórin wa kan wà tí ń jẹ́ Lágbájá, aṣọ ni ó sì máa ń fi bo ojú rẹ̀. Bí a bá fi ìrísí nìkan ṣe ìdájọ́, ó ti sọ àṣà náà nù. Bí a bá wá ìdí, a ó rí i pé kò sọ nǹkan kan nù: kò sí ẹni tí yóò rí aṣọ ìbojú yẹn tí kò ní dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Orúkọ rẹ̀, tí í ṣe ti ẹni tí a kò dárúkọ, sì bá ìbojú náà mu régí. Ó mú ìdí ṣẹ, ó yí ìrísí padà. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ nìyẹn.

Orin Yorùbá àti ìlù tí ń sọ̀rọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tí ń kọ́ èdè Yorùbá jù ni a dé yìí. Orin tí ìlù rẹ̀ kò ju ìlù lọ ni ó bí àṣà gígé àwòrán lórí ìlù. Ìlù dùndún kò rí bẹ́ẹ̀. Gúdúgúdú àti àwọn omele lè máa di ìlù mú lójú kan, ṣùgbọ́n ìyá ìlù a máa fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀: a máa kini, a máa pa òwe, a sì máa bú ni nígbà mìíràn. Bí ìyá ìlù bá ń sọ pé ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì gé àwòrán ní «ìgbín» nítorí pé ìlù omele wúwo níbẹ̀, ó ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ àgbàlagbà lẹ́nu. Òǹwòran yóò gbọ́ ariwo níbi tí ó yẹ kí ó ti gbọ́ òwe.

Ohun kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ohùn ni ìlù ní, kò ní kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì. Gbólóhùn tí ohùn wọn bá dọ́gba lè bọ́ sínú ìlù kan náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ìbàdàn ti ń dápàárá nípa ìlù tí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ fi ń ṣí ètò rẹ̀ láyé ìgbà kan. Ilé iṣẹ́ náà ní orúkọ òun ni ìlù ń pè. Àwọn ènìyàn ní rárá, ìbéèrè nípa ẹni tí yóò jọba lẹ́yìn Olúbàdàn ni ó ń béèrè. Ìlù kan náà ni, etí ni ó yàtọ̀. Láyé àtijọ́, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú agbo ni ó máa ń jẹ́ kí a mọ èyí tí onílù ní lọ́kàn: ó rí ọlọ́jà tí ń bọ̀, a mọ̀ pé òun ni ó ń kì. Nígbà tí a gba orin sílẹ̀ sínú àwo, agbo náà sọnù. Ìlù wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di àdììtú fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́.

Fídíò lè dá agbo náà padà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ bá onílù, tí ó bi í léèrè gbólóhùn tí ó lù, tí ó sì fi àwòrán tí ó bá gbólóhùn náà mu sí ibẹ̀ gan-an, òǹwòran yóò gbọ́ ìlù náà bí ẹni tí etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ṣùgbọ́n bí ó bá kó àwòrán ọkọ̀ bọ̀gìnnì àti ọtí olówó ńlá bò ó nítorí pé bí àwọn mìíràn ti ń ṣe é nìyẹn, ó ti pa ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, nínú ìwádìí lórí orin Yorùbá, ìlà kẹfà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé: ohun tí ìlù ń sọ, ibi tí gbólóhùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí ó parí sí. Orí òpin gbólóhùn ni kí a gé àwòrán sí, ì báà bọ́ sórí ìlù omele tàbí kí ó má bọ́ sí i.

Láti inú ìwádìí bọ́ sínú ètò iṣẹ́

Lẹ́yìn ìwádìí ni ìṣirò. Jẹ́ kí a mú orin tí ó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀, èyí tí í ṣe 210 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ìlù rẹ̀ bá jẹ́ 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìlù mẹ́rin yóò gba ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí a bá fẹ́ gé àwòrán lẹ́yìn ìlù mẹ́rin mẹ́rin, abala 105 ni yóò jẹ́. Bí ó bá sì gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti tún kámẹ́rà àti iná tò fún abala kọ̀ọ̀kan, abala 32 péré ni ọjọ́ oníwákàtí mẹ́jọ lè gbà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fídíò fi máa ń ní ibi tí olórin ti kọ gbogbo orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A ó jẹ́ kí ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, kámẹ́rà yóò sì wà ní ibi ọ̀tọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Àwòrán ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ni yóò wà lọ́wọ́ wa, a ó sì máa gé láti inú èyí bọ́ sínú ìyẹn. Ohun tí òǹwòran kà sí ọ̀ṣọ́, ọgbọ́n ìṣúnwóná ni fún òṣìṣẹ́.

Olórin kì í kọrin tuntun nígbà tí a bá ń yàwòrán. Orin tí a ti gbà sílẹ̀ ni a ó lù láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹnu rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ lé e. Kí a pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a lè fi mú ohùn àti àwòrán dọ́gba lẹ́yìn náà. Bí a bá fẹ́ kí olórin máa rìn jẹ́jẹ́ ṣùgbọ́n kí ẹnu rẹ̀ má tàsé orin, a ó lù orin náà ní ìlọ́po méjì ìyára rẹ̀, kámẹ́rà yóò sì ya àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 25. Bí a bá wá fi í hàn ní 25, ara rẹ̀ yóò rọ̀, ẹnu rẹ̀ yóò sì bá orin mu. Ìdánrawò ni ó gbé èyí. Fún fídíò «The Scientist» ti ẹgbẹ́ Coldplay ní ọdún 2002, olórin wọn kọ́ bí a ti í kọ orin náà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, kí ó lè dà bí ẹni pé ayé ń padà sẹ́yìn ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń lọ síwájú.

Ohun méjì tí ó jẹ mọ́ òfin kù. Orin kan ní ẹ̀tọ́ méjì nínú: ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, àti ẹ̀tọ́ ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní gbangba gbọ́dọ̀ gba àṣẹ méjèèjì. Ó sì sàn kí ó wá ọ̀dọ́ olórin tí ó wà nítòsí, tí òun náà ń wá ẹni tí yóò ṣe fídíò fún un. Èkejì ni owó níná lójú agbo, tí ó jẹ́ àṣà ńlá nínú fídíò jùjú àti fújì. Òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka níná náírà mọ́ ènìyàn lára àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò kéré sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà, tàbí méjèèjì. Àṣà yìí pẹ̀lú ní ìdí, ìyẹn ni fífi ìmọrírì hàn fún olórin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìdí náà yóò wá ọ̀nà mìíràn láti fi ìmọrírì hàn, kò sì ní fi iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wá ẹjọ́.

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn àṣà tí a gbà láti òkèèrè wúlò, kò sì sí ìdí láti kọ̀ wọ́n, nítorí ọgbọ́n àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú wa ni. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wo fídíò ẹlòmíràn, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti orin tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń sọ àti èyí tí ìlù ń sọ, kí ó sì lọ bi onílù léèrè níbi tí kò bá ti yé e. Àwọn onílù tí ó lè dáhùn ìbéèrè náà kò pọ̀ mọ́ bí wọ́n ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ orí sì ti ń lọ lára wọn.